ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ PÚPỌ̀ LÓRÍ ÌWÉ KAN

Àsọyé fún àwọn ọmọ ìjọ ní Ìkòtún, lórí kóró Linux àti àwọn ẹ̀rọ tí ó ní ọpọlọ púpọ̀



Ọ̀ràn tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àsọyé yìí kì í ṣe ti àwọn amòye ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Ó wà nínú àpò aṣọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń ka ìwé yìí. Bí a bá dúró ní oríta Ìkòtún, níbi tí ọ̀nà Ìgàndò, ọ̀nà Ìjẹ̀gùn, ọ̀nà Ìdímù àti ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́ gbé pàdé, a óò rí fóònù Android lọ́wọ́ ọlọ́jà, lọ́wọ́ awakọ̀ àti lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé. Nínú olúkúlùkù fóònù bẹ́ẹ̀ ni kóró ètò kan gbé wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Linux. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ọpọlọ kan ṣoṣo, bí kò ṣe mẹ́jọ. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nínú ilé kan, lórí ìwé kan. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni kò jẹ́ kí wọ́n máa ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́? Kí ni ó sì ń dé bá wa nígbà tí ìṣọ́ náà bá kùnà?

ÈKÍNÍ. Ohun tí à ń pè ní kóró

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ túmọ̀ àwọn orúkọ. Gbogbo kọ̀ǹpútà, ìbáà ṣe ńlá, ìbáà ṣe fóònù, ní apá kan tí ń ṣe ìṣirò, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní processor. Àwa yóò máa pè é ní ọpọlọ ẹ̀rọ. Ó tún ní ibi ìrántí, níbi tí a gbé ń kọ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń lò lọ́wọ́ sí. Èyí ni a óò máa pè ní ìwé. Láàrin àwọn ohun èlò wọ̀nyí àti àwọn ètò tí àwa fúnra wa ń fọwọ́ kàn, bí ètò ìfowóránṣẹ́ tàbí ètò orin, ni ètò kan wà tí ó jẹ́ olórí fún gbogbo wọn. Kernel ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é, èyí tí í ṣe kóró inú èso, nítorí pé àárín gbùngbùn ni ó wà, gbogbo ìyókù sì yí i ká bí èèpo ẹyìn ti yí èkùrọ́ ká. Kóró yìí ni í pín iṣẹ́ fún ọpọlọ ẹ̀rọ. Òun ni í pín àyè inú ìwé. Òun náà ni í sì pinnu ẹni tí ó ní àṣẹ láti kọ nǹkan síbẹ̀, àti ẹni tí kò ní ju kí ó kà á lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan, Linus Torvalds, ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland ní ọdún 1991. Ó fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi àtúnṣe náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti ilẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n ti fi ọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017, gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tí ó lágbára jù lọ ní ayé, gẹ́gẹ́ bí ìwé orúkọ TOP500 ti kà wọ́n, ni ó ń lo Linux. Kóró kan náà ni ó wà nínú àwọn òmìrán wọ̀nyí àti nínú fóònù ẹlẹ́ran ní ọjà Ìkòtún.

ÈKEJÌ. Ìdí tí ọpọlọ fi di púpọ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé, èéṣe tí a kò fi ṣe ọpọlọ kan tí ó yára gidigidi? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó fi di ọdún 2004, ọpọlọ ẹ̀rọ tí ó yára jù nínú èyí tí ilé-iṣẹ́ Intel ń tà ń lu aago rẹ̀ ní ìgbà tí ó súnmọ́ bílíọ̀nù mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń yára tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń jẹ iná mànàmáná tó. Ooru dí wọn lọ́nà. Ní ọdún 2005 Intel àti AMD, tí í ṣe orogún rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí ta ọpọlọ méjì nínú àwo kan fún kọ̀ǹpútà ilé. Láti ibẹ̀ ni ó ti di mẹ́rin, tí ó sì di mẹ́jọ.

Ẹni tí ó mọ Ìwé Mímọ́ yóò rántí ìmọ̀ràn tí Jẹ́tírò fún Mósè, nígbà tí ó bá a tí ó jókòó láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́ tí ó ń dá ẹjọ́ gbogbo ènìyàn ní òun nìkan. Kò sọ fún un pé kí ó máa yára sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí ó yan àwọn mìíràn tì í.

Àwọn amòye ti rí agbára tí ń bẹ nínú ọ̀nà yìí kí ó tó dé ọjà. Ọmọ Nàìjíríà kan, Philip Emeagwali, tí a bí ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1954, wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Gordon Bell ti ọdún 1989. Ìṣirò nípa epo abẹ́ ilẹ̀ ni ó ṣe, lórí ẹ̀rọ kan tí ó ní ọpọlọ kéékèèké 65,536. Òótọ́ ni pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ bá pọ̀ lórí ẹrù kan, tí kò sí ètò, ẹrù náà lè fọ́.

ÈKẸTA. Ewu tí ń bẹ nínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti inú ilé wa. Ìwé owó ìjọ ń bẹ lórí tábìlì, ₦40,000 ni ó sì wà nínú rẹ̀. Olùtọ́jú owó wọlé, ó wò ó, ó rí ₦40,000. Kí ó tó kọ ohunkóhun, akọ̀wé náà wọlé, òun pẹ̀lú wò ó, ó rí ₦40,000. Olùtọ́jú owó mú ₦5,000 wá; ó ṣírò rẹ̀ lórí, ó sì kọ ₦45,000. Akọ̀wé mú ₦2,000 wá. Ó ti ṣírò tirẹ̀ láti inú ohun tí ó kọ́kọ́ rí, nítorí náà ó pa ti ìṣáájú rẹ́, ó sì kọ ₦42,000. ₦47,000 ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé. ₦5,000 ti nù, kò sì sí olè láàrin wọn. Olúkúlùkù ṣe ìṣirò tirẹ̀ dáradára. Àárín wíwò àti kíkọ ni àṣìṣe náà gbà wọlé.

Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọpọlọ ẹ̀rọ méjì bá di ojú ibì kan náà nínú ìwé mú. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo. Bí akọ̀wé bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ kí ó tó wọlé, ohun gbogbo a tọ́. Nítorí náà ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ dáradára ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, kí ó sì ṣìnà ní ẹ̀ẹ̀kan; nígbà tí oníṣẹ́ bá dé láti wá àṣìṣe náà, kò ní rí i.

ÈKẸRIN. Àgádágodo

Edsger Dijkstra, ará ilẹ̀ Netherlands, ni ó gbé ọ̀ràn yìí kalẹ̀ kedere ní ọdún 1965. Ó fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ púpọ̀ tí ń lo ìwé kan lè bá ara wọn ṣètò, kí ó má baà sí ju ẹnìkan lọ nínú yàrá ewu náà nígbà kan. Nígbà tí ó sì fẹ́ sọ irinṣẹ́ tí ó ṣe fún iṣẹ́ náà lórúkọ, orúkọ òpó àmì ojú irin ni ó yàn, èyí tí í ṣe semaphore. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ojú irin àtijọ́ tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 yóò mọ ìdí rẹ̀. Ojú irin kan ṣoṣo ni. Ọkọ̀ tí ń lọ àti ọkọ̀ tí ń bọ̀ kò lè pàdé lórí rẹ̀ láàrin ibùdó méjì láìsí ìparun. Ọ̀kan ní láti dúró ní ibùdó títí èkejì yóò fi kọjá.

Nínú kóró ẹ̀rọ, ohun tí ń ṣe iṣẹ́ òpó àmì ni à ń pè ní àgádágodo. Ọpọlọ tí ó bá fẹ́ kọ nǹkan sí ojú ìwé kan yóò ti ilẹ̀kùn, yóò wo ìwé, yóò kọ ọ́, yóò sì ṣílẹ̀kùn. Èyí tí ó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò dúró. Ẹni tí ó bá ronú jinlẹ̀ yóò béèrè pé, bí àwọn méjì bá dé ìdí àgádágodo náà lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn tí ó ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ ti fi iṣẹ́ kan sí i lára tí a kò lè là sí méjì: láti wo àgádágodo àti láti tì í jẹ́ ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, ẹlòmíràn kò sì lè wọ àárín wọn. Lórí ìpìlẹ̀ kékeré yìí ni gbogbo ilé náà dúró lé.

Alan Cox, ará Wales, ni ó ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ láti mú kí Linux lè lo ọpọlọ púpọ̀, ní ọdún 1995. Iṣẹ́ náà jáde fún gbogbo ènìyàn nínú ẹ̀dà 2.0, ní oṣù kẹfà ọdún 1996. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rọrùn: àgádágodo ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí ẹnu ọ̀nà kóró náà. Ọpọlọ kan ṣoṣo ni ó lè wà nínú kóró nígbàkigbà. Àwọn ìyókù ní láti ṣe iṣẹ́ tí ó wà ní òde, tàbí kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀nà yìí kò léwu, ó sì tọ́ fún ìbẹ̀rẹ̀.

ÈKARÙN-ÚN. Oríta kan fún ọkọ̀ púpọ̀

Ẹ̀yin tí ń gbé Ìkòtún mọ ohun tí ó tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ẹnìkan sọ fún yín. Bí ọkọ̀ tí ń ti Ìgàndò bọ̀ bá jẹ́ mẹ́wàá, oríta á gbà wọ́n. Bí a bá sọ wọ́n di ọgọ́rùn-ún, tí oríta kò sì fẹ̀ sí i, àwọn èrò kò ní tètè dé ilé. Ìlà àwọn tí ń dúró ni yóò gùn sí i. Gene Amdahl, ará Amẹ́ríkà, sọ òfin ọ̀ràn yìí ní ọdún 1967. Bí ìdá mẹ́wàá iṣẹ́ kan bá jẹ́ èyí tí ẹnìkan ṣoṣo lè ṣe nígbà kan, bí a tilẹ̀ kó ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ wá, iṣẹ́ náà kò lè yára ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Apá tí a kò lè pín ni í pàṣẹ fún apá tí a lè pín.

Àgádágodo ńlá inú Linux jẹ́ irú oríta bẹ́ẹ̀. Nítorí náà àwọn oníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi àgádágodo kéékèèké rọ́pò rẹ̀: ọ̀kan fún ìwé ìpamọ́ yìí, ọ̀kan fún ọ̀nà ìránṣẹ́ yẹn, gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù ìsọ̀ inú ọjà ti ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, tí ẹlẹ́pọ kò fi ní dúró de aláṣọ. Ṣùgbọ́n kò rọrùn. Ibi gbogbo tí a bá fẹ́ yọ àgádágodo ńlá kúrò, ó di dandan kí a mọ gbogbo ohun tí ó ti ń ṣọ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ náà gba ọdún 15. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, nínú ẹ̀dà 2.6.39, Arnd Bergmann yọ ìyókù rẹ̀ kúrò pátápátá.

Àgádágodo púpọ̀ sì ní ewu tirẹ̀. Bí ọpọlọ kan bá ti di kọ́kọ́rọ́ àká mú tí ó ń dúró de ti àpótí, tí èkejì sì di ti àpótí mú tí ó ń dúró de ti àká, àwọn méjèèjì yóò dúró títí láé. Adìẹ bà lé okùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Òfin tí wọ́n fi ń dènà rẹ̀ ni pé kí gbogbo ènìyàn máa mú kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ léra wọn ní ètò kan náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ti àpótí ṣáájú ti àká.

Nígbà tí ó yá, wọ́n rí ọ̀nà mìíràn tí kò fẹ́ kí ẹni tí ń kàwé ti ilẹ̀kùn rárá. Paul McKenney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú un wọ inú Linux ní ọdún 2002. RCU ni orúkọ rẹ̀. Ẹ wo pátákó ìkéde lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkéde ọ̀sẹ̀ yìí ti yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn mẹ́ta ṣì ń ka ti àná lọ́wọ́. Akọ̀wé kò já a gbà mọ́ wọn lójú. Ó kọ ti tuntun sórí ìwé mìíràn, ó gbé e kọ́, gbogbo ẹni tí ó bá dé láti ìsinsìnyí lọ sì ń ka tuntun. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn nínú àwọn mẹ́ta náà bá kàwé tán tí ó lọ, nígbà náà ni ó tó ya ti àtijọ́ dànù. Àwọn òǹkàwé kò dúró de ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé nìkan ni ó ní láti ní sùúrù. Níbi tí òǹkàwé bá ti pọ̀ ju òǹkọ̀wé lọ, èrè ọ̀nà yìí pọ̀.

ÈKẸFÀ. Pínpín iṣẹ́

Iṣẹ́ kejì tí kóró ń ṣe ni kí ó pín iṣẹ́ láàrin àwọn ọpọlọ, kí ọ̀kan má baà rẹ̀ nígbà tí èkejì ń sùn. Nínú fóònù, ọ̀ràn yìí ju ìdọ́gba lọ, nítorí àwọn ọpọlọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kì í sábà rí bákan náà: àwọn kan lágbára, wọ́n sì ń jẹ iná púpọ̀; àwọn kan kéré, wọn kì í sì í jẹ iná bẹ́ẹ̀. Láti ẹ̀dà 5.0, tí ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2019, ni Linux ti ní ọ̀nà láti ṣírò iye iná tí iṣẹ́ kan yóò jẹ níbi tí a bá fi í sí. Iṣẹ́ kékeré, bí orin tí ń dún, a lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ kékeré. Iṣẹ́ ńlá, bí àwòrán tí ń rìn, a lọ sọ́dọ̀ alágbára. Ní ìlú tí iná kì í wà nígbà gbogbo, tí àwọn mìíràn ń sanwó kí wọ́n tó lè fi iná sínú fóònù wọn, ìṣírò yìí kì í ṣe ohun kékeré.

ÈKEJE. Nígbà tí ìṣọ́ bá kùnà

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2003, iná kú ní apá ìlà-oòrùn àríwá Amẹ́ríkà àti ní Ontario ní ilẹ̀ Kánádà, ó sì kan nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn. Ẹ̀ka igi tí ó fara kan wáyà wà nínú ohun tí ó fà á. Ṣùgbọ́n ní Ohio, ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún àwọn olùṣọ́ ti dákẹ́ fún ohun tí ó ju wákàtí kan lọ, wọn kò sì mọ̀ pé ó ti dákẹ́. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, a rí i pé iṣẹ́ méjì nínú ètò náà ti fẹ́ kọ sí ojú ibì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Olùtọ́jú owó àti akọ̀wé ni a tún rí yẹn.

Èkejì kàn wá nítòsí ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí inú Linux gan-an ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ ronú nípa ìwé ìrìbọmi ìjọ. Ẹnikẹ́ni lè béèrè láti kà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ kọ nǹkan sí i, alábòójútó a kọ́kọ́ da ẹ̀dà rẹ̀ kọ fún un, orí ẹ̀dà náà ni yóò sì kọ ọ́ sí, kí ògidì má baà bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Linux ń ṣe. Ìgbésẹ̀ méjì ni: ṣíṣe ẹ̀dà, lẹ́yìn náà kíkọ. Bí ẹlẹ́tàn bá rán ẹnìkejì láti sọ láàrin ìgbésẹ̀ méjèèjì pé kí a da ẹ̀dà náà nù, ọwọ́ tí ó ti ń bọ̀ láti kọ̀wé a bọ́ sórí ògidì. Nípa bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò ní àṣẹ lè yí ìwé olórí padà, kí ó sì sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá nínú ẹ̀rọ. Láti ọdún 2007 ni àlàfo yìí ti ṣí sílẹ̀ fún irú ìlòkulò bẹ́ẹ̀. Phil Oester ni ó rí i, wọ́n sì tún un ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún 2016. Dirty COW ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Torvalds kọ ọ́ sínú àtúnṣe náà pé òun ti gbìyànjú láti dí i ní ọdún 11 ṣáájú, ṣùgbọ́n a ti yí iṣẹ́ náà padà lẹ́yìn náà, àti pé ohun tí ó dà bí èrò lásán nígbà náà ti wá rọrùn sí i láti ṣẹlẹ̀ bí kóró ti ń dàgbà. Kò fi pamọ́. Ó wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni sì lè kà á títí di òní.

ÌPARÍ. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a mú lọ sí ilé.

Èkíní, àtúnṣe tí a ṣe ní Finland tàbí ní Amẹ́ríkà kò gba ẹnikẹ́ni là títí yóò fi dé inú fóònù tirẹ̀. Nígbà tí fóònù bá sọ fún yín pé àtúnṣe ti dé, ẹ má ṣe máa sún un síwájú láti oṣù dé oṣù. Fóònù àtijọ́ tí ẹni tí ó ṣe é kò fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí mọ́ lè ṣiṣẹ́ fún orin àti fún ọ̀rọ̀ sísọ. Kò yẹ kí a fi owó ìjọ tàbí owó àjọ àwọn opó sínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń mú owó àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju gbogbo ènìyàn lọ.

Èkejì, ẹ wo ìwé owó yín. Bí ènìyàn méjì bá ń kọ̀wé sí i, ẹ jẹ́ kí òfin wà pé ẹnìkan kì í wò ó láti kọ ọ́ nígbà tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìjà tí ó ti dá sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, tí a fi ń pe ara wa ní olè, kì í ṣe olè ni ó fà á.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ọmọ wa. Kóró yìí kò ní ògiri yí i ká. Ọmọ tí ó wà ní Ìkòtún lè ka ohun tí Torvalds kọ, lè rí àṣìṣe nínú rẹ̀, ó sì lè fi àtúnṣe ránṣẹ́. A kì yóò bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀, bí kò ṣe bóyá iṣẹ́ rẹ̀ tọ́. Ohun tí ó nílò ni kọ̀ǹpútà tí kò tilẹ̀ ní láti jẹ́ tuntun, iná, ìwé, àti àgbàlagbà tí kò ní pè é ní ọ̀lẹ nítorí pé ó jókòó. Bí ìjọ bá lè ra duru, tí ó sì lè kọ́ ọmọ láti tẹ̀ ẹ́, ó lè ṣe èyí pẹ̀lú.

Kí Ọlọ́run tí ó fi ẹ̀bùn oríṣiríṣi fún ènìyàn púpọ̀ kọ́ wa láti fi wọ́n ṣe iṣẹ́ kan pọ̀ láìba ti ẹnìkejì jẹ́. Àmín.